Kí Ẹ Tó Wo Ife, Ẹ Wo Ìwé Owó: Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹgbẹ́ Eléré Ìdárayá Tí Wọ́n Ń Tọ́jú Dáadáa

Aró ni mò ń rẹ ní Òṣogbo. Iṣẹ́ ìyá mi ni, iṣẹ́ ìyá ìyá mi náà ni. Ṣùgbọ́n ọdún 11 ni mo tún fi jẹ́ akápò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Nígbà tí ọmọkùnrin mi kejì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá bá mi ní ìsọ̀, wọ́n ní, "Ìyá Aláró, ẹ̀yin lẹ mọ owó í tọ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di àpò yìí mú." Mo dì í mú. Ohun tí mo rí nínú àpò yẹn, àti ohun tó yẹ kí n rí níbẹ̀ tí n kò rí, ló mú mi kọ èyí.

Àwọn òbí máa ń wá bá mi pé ẹgbẹ́ báyìí fẹ́ gba ọmọ àwọn, ṣé kí àwọn jẹ́ kó lọ? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo bọ́ọ̀lù òyìnbó náà máa ń jiyàn níwájú ìsọ̀ mi lórí ẹgbẹ́ tó dára jù lágbàáyé, ife ni wọ́n sì máa ń kà síra wọn lójú. Ife dára. Ṣùgbọ́n ife ọdún yìí lè jẹ́ èso igi tí ẹlòmíì ti gbìn sílẹ̀ kó tó kúrò, ó sì lè jẹ́ gbèsè tí ẹlòmíì máa wá san. Ẹ fi ife sílẹ̀ ná. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ọjọ́ wo nínú oṣù ni ẹgbẹ́ yìí ń sanwó?

Ẹ má bi alága. Alága á ní, "Ìparí oṣù ni." Ẹ bi ẹni tó ń fọ jẹ́sì. Ẹ bi awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Àwọn ló máa sọ ọjọ́ tí áláàtì dé sórí fóònù wọn fún yín, nítorí pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi owó dù nígbà tí owó bá ṣọ́wọ́n. Bí owó ẹni tó ń fọ jẹ́sì bá ń dé lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù, ilé náà ní òpó.

Ọmọ mi lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan, n kò ní dárúkọ wọn. Oṣù 5 gbáko ni wọn kò fi san kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ipò kẹta ni wọ́n wà lórí tábìlì nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń kọrin orúkọ ọmọ mi ní pápá. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọrin orúkọ rẹ̀, ó pè mí pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi owó gáàrì ránṣẹ́." Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gba tábìlì líìgì gbọ́ mọ́ bí ẹnìkan bá gbé e wá síwájú mi láti fi yin alákòóso.

Lẹ́yìn owó oṣù, ẹ wá wo ibi tí owó náà ti ń wá. Ìyá mi máa ń sọ fún mi pé aṣọ tó ṣì wà nínú ìkòkò aró, n kò gbọdọ̀ ná owó rẹ̀. Aṣọ lè bàjẹ́, aró lè kú, oníbàárà lè má padà wá. Àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ti ṣe ohun tí ìyá mi kìlọ̀ fún mi yìí. Leeds United ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú Champions League lọ́dún 2001. Wọ́n ti fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ọdún tí ń bọ̀ yá owó, wọ́n ti kó agbábọ́ọ̀lù olówó ńlá jọ, ọkàn wọn balẹ̀ pé lọ́dọọdún làwọn á máa wà nínú ìdíje yẹn. Wọn kò wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn, wọ́n já kúrò ní Premier League lọ́dún 2004, ọdún 16 ló sì kọjá kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Barcelona náà ńkọ́? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Joan Laporta tó jẹ́ alága wọn sọ ọ́ ní gbangba pé gbèsè àwọn jẹ́ bílíọ̀nù 1.35 yúrò, pé owó oṣù tí àwọn ń san sì jẹ́ 103 nínú 100 owó tó ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò yẹn wọ yín lára dáadáa. Kí wọ́n tó ra omi, kí wọ́n tó san owó iná, owó ti tán, wọ́n sì ti jẹ gbèsè 3 lé e lórí. Ìyẹn ló jẹ́ kí Lionel Messi kúrò níbẹ̀ láìṣe pé ẹnìkan lé e, láìṣe pé òun náà fẹ́ lọ.

Bí ẹ bá wà lára àwọn tó ń darí ẹgbẹ́, ẹ ya ìwé yín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní: owó tó ti wọlé, tó wà ní bánkì, tí ẹ lè fọwọ́ kàn. Ọ̀nà kejì: owó tí wọ́n ṣèlérí. Láti inú ti àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ ti ṣèlérí owó oṣù fún ẹnikẹ́ni. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, ti wá sọ ọ́ di òfin fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbá nínú ìdíje wọn: láti ọdún 2025, owó oṣù agbábọ́ọ̀lù àti kóòṣì, pẹ̀lú owó tí wọ́n fi rà wọ́n àti owó àwọn aṣojú wọn, kò gbọdọ̀ ju 70 nínú 100 owó tó ń wọlé lọ. Ní ẹgbẹ́ tiwa, 60 ni mo fi í sí. Àwọn kan bínú sí mi nítorí rẹ̀, torí a pàdánù atamátàsé kan lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí a jẹ lówó.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ẹgbẹ́ ló kàn, ó sì ṣòro láti sọ nílẹ̀ wa. Títí di ọdún 1991 tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́, Shooting Stars ti Ìbàdàn ni àwa ará Òṣogbo náà ń pè ní tiwa. Mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n gba ife Cup Winners' Cup ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1976, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Bàbá mi gbé rédíò síta kí gbogbo agbolé lè gbọ́. Owó ìjọba ló gbé ẹgbẹ́ yẹn ró, owó ìjọba náà ló ṣì ń gbé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ inú líìgì wa ró títí dòní. Kì í ṣe ẹ̀bi pé ìjọba ní ẹgbẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí gómìnà bá yí, alága á yí, bí alága bá yí, kóòṣì á yí, kóòṣì tuntun á sì kó agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ wá. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa bi nípa olówó ẹgbẹ́ yàtọ̀ sí iye owó rẹ̀. Ẹ bi í pé: bí ẹni yìí bá lọ lónìí, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn yàrá jẹ́sì lọ́la? Bí wọn kò bá lè dárúkọ ẹnìkan láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2021, ó fi àwòrán ìwé kan ránṣẹ́ sí mi, ó ti gbé e kọ́ sára ògiri bí ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ó ní òun ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni Green Bay Packers, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Dọ́là 300 ló fi ra ìpín kan ṣoṣo. Mo ní, "Èrè rẹ̀ dà?" Ó ní, "Mọ́mì, kò lérè." Mo ní, "O lè tà á?" Ó ní òun kò lè tà á. Mo rò pé wọ́n ti lu ọmọ mi ní jìbìtì, mo bá ní kó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi látìbẹ̀rẹ̀.

Ìlú Green Bay kéré sí Òṣogbo. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 100,000 lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1919, owó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Lọ́dún 1923, àwọn ará ìlú dáwó jọ, wọ́n ra ìpín ní dọ́là 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí ọ̀ràn bá dé, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ tún pápá ṣe, wọ́n tún ń ta ìpín fáwọn èèyàn. Àwọn onípìn-ín ti lé ní 500,000 báyìí. Kò sẹ́ni tó lè ra ìpín tó pọ̀ débi tí yóò fi gba ẹgbẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ta ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ àánú ni owó náà ń lọ, kì í ṣe àpò ẹnikẹ́ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ ìwé ìnáwó wọn jáde fún aráyé láti kà. Ìlú kékeré yẹn ti gba ipò kìíní nínú líìgì nígbà 13, kò sí ẹgbẹ́ tó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ tán, ó yé mi. Owó tí wọ́n fi ń kọ́ gbọ̀ngàn ìlú ni. Ta ló ń bèèrè èrè lórí gbọ̀ngàn ìlú rẹ̀?

Kí n sọ èyí kí n má baà gbàgbé, torí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kì í já sí líìgì ìsàlẹ̀. Ńṣe ló dà bí ọjà tí ìsọ̀ rẹ̀ kò ju 32 lọ, bẹ́ẹ̀ ni NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, rí, tàbí 30, bí NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Líìgì ló ń fún wọn láṣẹ, òun náà ló ń fi ààlà sí owó oṣù tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè san. Nígbà tí wọ́n bá ń pín àwọn ọ̀dọ́ tuntun, àwọn tó ṣe dáadáa jù ló máa ń yàn kẹ́yìn. Owó nìkan kò lè gbé yín débi kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá mókè fún ọdún púpọ̀ lábẹ́ irú òfin yẹn, ọgbọ́n ìṣàkóso ló fi mókè, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí àgbà á lọ. Ní Green Bay kan náà, Brett Favre ni quarterback wọn, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tí gbogbo eré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2005, nígbà tí Favre ṣì lágbára, wọ́n mú ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Aaron Rodgers. Ọdún 3 ló fi jókòó tó ń wo ọ̀gá kó tó bọ́ síwájú lọ́dún 2008. Lọ́dún 2020, Rodgers náà ti di ọ̀gá, wọ́n tún mú Jordan Love, òun náà jókòó fún ọdún 3. Ní ìsọ̀ aró, ohun tí à ń pè ní ọmọṣẹ́ nìyẹn. Kò sí ìyá aláró tó ń dúró dìgbà tí apá rẹ̀ bá rọ kó tó gba ọmọ sọ́dọ̀. Àwọn ọmọ Green Bay ń kùn lọ́jọ́ tí wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ yẹn, wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe, nígbà tí ọ̀gá ṣì wà níbẹ̀. Alákòóso tó bá ní làákàyè á gbọ́ ìkùnsínú yẹn, á sì ṣe ohun tó yẹ.

Sùúrù pẹ̀lú kóòṣì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìkòkò aró kì í dáhùn lọ́jọ́ tí a da omi eérú sí ẹ̀lú. Ẹ ó bò ó, ẹ ó máa rò ó, ẹ ó máa gbóòórùn rẹ̀, lọ́jọ́ kan ni òórùn náà á yí, ẹ ó sì mọ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 1996, Gregg Popovich di kóòṣì San Antonio Spurs nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Nínú eré 64 tó darí ní sáà yẹn, 47 ni wọ́n pàdánù. Níbí, wọn kì bá tí jẹ́ kó rí oúnjẹ Kérésìmesì jẹ. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyà ọdún yẹn, àti oríire nínú ìbò líìgì, ló fún wọn láǹfààní láti kọ́kọ́ yàn nígbà tí wọ́n ń pín àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n fi mú Tim Duncan lọ́dún 1997. Wọ́n gba ife lọ́dún 1999, 2003, 2005, 2007 àti 2014, Popovich kò sì gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí di 2025. Àárín ọdún wọ̀nyẹn, wọ́n ń rí èèyàn níbi tí àwọn tó kù kò wò: Manu Ginobili, ọmọ Argentina, ipò 57 ni wọ́n ti yàn án lọ́dún 1999, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni ìkẹyìn pátápátá.

Ṣùgbọ́n sùúrù kì í ṣe pé kí ẹ so ilé mọ́ ọrùn kóòṣì kan. Ẹ wo Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ta pápá wọn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, nígbà tó fi di ọdún 1997, wọ́n ti di aláìnílé. Tony Bloom gbà á lọ́dún 2009, wọ́n dé Premier League lọ́dún 2017. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Chelsea wá gba kóòṣì wọn, Graham Potter. Kò ju ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n fi ní òmíì, Roberto De Zerbi, wọ́n sì parí sáà náà ní ipò kẹfà, ibi tí wọn kò dé rí. Àkọsílẹ̀ wọ́n ti wà: wọ́n mọ irú kóòṣì tí wọ́n ń wá kí èyí tó wà nílẹ̀ tó lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe agbábọ́ọ̀lù náà nìyẹn. Moisés Caicedo tí wọ́n rà láti Ecuador lọ́dún 2021 kò tó mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn. Lọ́dún 2023, mílíọ̀nù 100 ni wọ́n tà á, 15 sì tún lè gorí rẹ̀.

Mo dé ibi tó ń dùn mí jù wàyí, ẹ ní sùúrù fún mi. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa láti ọmọ ọdún 14 títí ó fi di 17. Èmi ni mo ra bàtà àkọ́kọ́ tó fi gbá bọ́ọ̀lù fún un. Ó lọ sókè òkun, ó ṣe dáadáa, wọ́n sì tà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹnìkan tó mọ òfin wá bi mí pé, "Ìyá, ìwé ọmọ náà dà?" Mo kó ìwé owó jáde. Gbogbo kọ́bọ̀ tí a ná lórí rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sí níbì kankan.

Òfin FIFA rèé. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, wọn á yọ 5 nínú 100 owó náà, wọn á sì pín in fún gbogbo ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15 ní 0.25 nínú 100, ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 sí 23 ní 0.5. Ká ní mílíọ̀nù 10 yúrò ni wọ́n ta ọmọ kan tí ẹ tọ́ ní ọdún 14, 15, 16 àti 17: 1.5 nínú 100 ni tiyín, ìyẹn 150,000 yúrò. Pápá, bọ́ọ̀sì, owó ilé ìwé ọmọ tó kún ilé, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022, FIFA ti dá ilé kan sílẹ̀ ní Paris tí owó náà ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa wò ni àkọsílẹ̀ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kò ní ìpín.

Nítorí náà, ẹ forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀. Ẹ forúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Orúkọ tó wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ìnagijẹ pápá. Ẹ kọ ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó lọ, ibi tó lọ, kí òbí fọwọ́ sí i. Mo sì ń bẹ yín, ẹ má gé ọjọ́ orí ọmọ kù. Ọmọ tó ní ọjọ́ ìbí méjì ti di èèyàn méjì lójú ìwé, kò sì sí èyí tí wọ́n máa sanwó lé lórí nínú àwọn méjèèjì. Yàtọ̀ sí owó, irọ́ ni, ọmọ náà ló sì máa gbé e kiri títí ayé.

Pápá àti àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́, díẹ̀ ni mo ní í sọ lórí wọn. Ẹ lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwọn obìnrin ń lò ní pápá. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń ya tíkẹ́ẹ̀tì fún yín lẹ́nu géètì tàbí owó lásán ni wọ́n ń gbà sápò. Ìyẹn tó.

Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo èyí nítòsí, ẹ wakọ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Remo Stars kì í ṣe ti ìjọba, Kunle Soname ló ni í. Wọ́n kọ́ pápá tiwọn, wọ́n ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́ ọ̀dọ́ sókè. Wọ́n ti já kúrò ní líìgì ńlá rí, wọn kò tú ilé ká nítorí rẹ̀. Wọ́n ṣe ipò kejì lọ́dún 2023, wọ́n tún ṣe é lọ́dún 2024, kóòṣì kan náà, Daniel Ogunmodede, ló ń darí wọn lọ nígbà tí wọ́n gba líìgì lọ́dún 2025. Ohun tí mo ṣì fẹ́ rí lọ́dọ̀ wọn ni ìdáhùn sí ìbéèrè yàrá jẹ́sì tí mo bi lókè, torí ẹni kan ṣoṣo ló ṣì ni ilé.

Èmi kì í ṣe akápò mọ́, ọ̀dọ́bìnrin kan tó kàwé ìṣirò owó ló gbà á lọ́wọ́ mi, oṣù 6 la sì fi jọ jókòó ti ìwé náà kí n tó yọwọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ṣì wà nínú àpótí ní ìsọ̀ mi, níbi tí omi aró kò lè ta sí i. Lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ 3 ló dé. Méjì ti mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Bàbá ẹnì kẹta ní òun á gbé tirẹ̀ wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo sì ti fi ojú ìwé kan sílẹ̀ fún un.